Káàdì Tí Bírò Ń Yọ̀ Lójú Rẹ̀: Iṣẹ́ Kérésìmesì Kan ní Àgbádárìgì

Ìyá Ìjọ jókòó sórí àga oníke tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ṣí ìdérí bírò wọn, wọ́n gbé káàdì lé itan, wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Bírò yọ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tún un kọ. Ìlà kan jáde, ó tín-ín-rín bí ipa ìgbín, ó sì dá láàárín ọ̀nà. Èyí tó jáde pàápàá, àtẹ́lẹwọ́ wọn gbá a, ó di àbàwọ́n búlúù títí dé etí káàdì. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wò mí.

"Atẹ̀wé, ṣé káàdì tí èèyàn kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí lo tẹ̀ fún wa yìí?"

Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá nìyẹn. Mo ti tẹ 120 nínú 250 tí wọ́n ní kí n ṣe, mo ti gba owó àsansílẹ̀, mo sì ti ná an. Mo ń kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀ nítorí pé lọ́dọọdún, tí Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn atẹ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi máa ń pè mí lórí àṣìṣe yìí kan náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í mọ̀ pé bébà ló fà á. Bírò ni wọ́n máa ń bú.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ìjọ wọn ní Àjárá fẹ́ fi káàdì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá owó òrùlé. Àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Màríná, tí àwọn ajíhìnrere CMS kọ́ ní 1845, ni yóò wà níwájú, ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù tó wà lókè rẹ̀ yóò sì gba ojú ìṣẹ́po kọjá dé ẹ̀yìn káàdì. Nínú, lápá ọ̀tún, a ó tẹ "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún". Apá òsì yóò ṣófo. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ yóò ti fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àti àdúrà ìlà méjì. Wọn kò fẹ́ kí n fi máṣíìnì tẹ orúkọ. Tíṣà ni wọ́n títí tí wọ́n fi fẹ̀yìntì, wọ́n ní ẹni tó fún èèyàn lówó yẹ kó rí ọwọ́ èèyàn.

Kérésìmesì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílùú yìí. Àlejò kì í pẹ́ dé kí wọ́n tó sọ fún un pé níbí ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti jọ ṣe Kérésìmesì ní 1842. Nígbà tí Ìyá Ìjọ rán mi létí, èmi náà sọ fún wọn pé ọdún tó tẹ̀ lé e, 1843, ni Henry Cole ní kí John Callcott Horsley ya káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ọdún ti dé Àgbádárìgì kí káàdì tó dé Lọ́ńdọ̀nù!" Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ń wá bébà tí yóò dán bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dán.

Art card 300 gsm ni mo mú, oníjú dídán, mo sì ní kí wọ́n fi ọ̀rá bo ìta rẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ káàdì ìgbéyàwó rí á mọ ìdí. Oníbàárà á gba sáńpù, á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, á yí i sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá ti kọ mànà, owó ti jáde. Ọdún 11 ni mo ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá mi jà. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ nǹkan sínú káàdì ìgbéyàwó? Wọ́n á kà á, wọ́n á mọ àwọ̀ aṣọ ẹbí, ó parí.

Ohun tó ń dán lára art card, ẹfun ni. Mi ò fi ṣe àwàdà. Kaolin àti calcium carbonate ni wọ́n ń lò, wọ́n á pò ó mọ́ ohun tó ń lẹ̀, wọ́n á fi pa ojú bébà, wọ́n á wá fi róólà lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi máa tàn. Ẹfun yìí á dí gbogbo ihò kéékèèké tó wà láàárín okùn inú bébà. Fún àwòrán, kò sí ohun tó dára jù ú lọ: àwọ̀ kì í rì, ó ń dúró lókè. Fún bírò, wàhálà dé. Bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu bírò ń fẹ́ ibi tó ha díẹ̀ kó tó lè yí. Níbi tó ń yọ̀, kò yí, ó ń wọ́ lọ ni. Yíǹkì tó bá sì ráyè jáde kò ríbi wọlé sí, orí ẹfun ni yóò jókòó sí tí yóò máa dúró de atẹ́gùn.

Ohun kan tún wà tí n kò béèrè. Ọwọ́ òsì ni Ìyá Ìjọ fi ń kọ̀wé. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, tíṣà na ọwọ́ náà títí, kò gbọ́. Ẹni tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ ń sá fún yíǹkì ni. Ẹni tó ń fi òsì kọ ọ́, orí yíǹkì tútù ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbà kọjá. Báyìí, kí n tó sọ iye fún oníbàárà tó fẹ́ káàdì ọdún, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni ẹni tí yóò kọ̀wé sínú rẹ̀, ìkejì ni ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́. Wọ́n máa ń wò mí bíi pé mo fẹ́ dá ifá.

Ká má parọ́, kí bírò tó yọ̀ rárá ni mo ti rí àmì, mo kàn dijú ni. Ṣómólú ni mo ti tẹ káàdì náà, nítorí máṣíìnì tèmi kì í gba bébà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tí mo lò ní ẹ̀rọ amúlétutù, ibẹ̀ tutù nini. Mo di wọ́n sínú páálí, mo gba Mile 2 délé lálẹ́, mo tò wọ́n sórí tábìlì. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti ká bí imọ̀ àgbọn gbígbẹ. Ọ̀sà kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í gbẹ àfi tí ọyẹ́ bá dé gan-an. Bébà a máa mu omi inú afẹ́fẹ́, á sì wú. Ìta tí ọ̀rá bò kò lè mu omi, inú tí kò ní ọ̀rá ń mu ún lọ. Apá kan ń fẹ̀, èkejì dúró gbọn-in, káàdì wá ká sí apá ọ̀rá. Mo gbé búlọ́ọ̀kù méjì lé wọn lórí fún odindi ọjọ́ kan. Wọ́n tẹ́. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kúrò, nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún ti ká.

Lọ́jọ́ tí bírò yọ̀ yẹn, mo kọ́kọ́ gbọ́n ẹ̀wẹ́. Mo fún Ìyá Ìjọ ní máákà. Ó kọ lóòótọ́, ó sì gbẹ, àmọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ìka. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní àwọn kò kọ orúkọ sórí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ọjọ́ kejì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà wá, kí wọ́n sì mú bírò tí wọn yóò lò gan-an dání, kì í ṣe tèmi. Méjì ni wọ́n mú wá: bírò búlúù lásán, àti dúdú kan tí yíǹkì rẹ̀ ń ṣàn bí omi, tí ọmọọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Dúdú yìí ni ọkàn wọn wà. Mo to oríṣi bébà mẹ́rin síwájú wọn. Òfin tí a fi dán an wò kò ju ẹyọ kan lọ: kọ ọ́, ka ení dé ẹ̀wá, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a.

Art card oníjú dídán, a ti mọ tiẹ̀. Èkejì ni mátì, èyí tí kì í tàn, tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni oògùn ìṣòro yìí. Bírò búlúù kọ lórí rẹ̀ dáadáa. Dúdú kò gbẹ kí a tó ka ẹ̀wá, ọwọ́ gbá a lọ. Ẹfun wà lára mátì náà, wọn kò kàn lọ̀ ọ́ dán ni. Ẹ̀kẹta ni bébà oníjú kókó-kókó tí à ń pè ní ẹmbọ́ọ̀sì. Bírò méjèèjì gbẹ lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí mo tẹ àwòrán sí i lórí máṣíìnì mi kékeré. Tónà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ tí máṣíìnì fi ń tẹ àwòrán, kò dé inú kòtò kéékèèké ojú rẹ̀. Ojú ọ̀run wá rí bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó. Ẹ̀kẹrin ni bébà pẹlẹbẹ tí kò ní ẹfun rárá. Ó kọ, ó gbẹ, àwòrán sì jáde, ṣùgbọ́n àwọ̀ kò tàn, búlúù di bí ìgbà tí òjò ṣú. Tó bá jẹ́ oníbàárà mìíràn ni, mo lè fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìjọ ní ilé náà kò gbọdọ̀ rí bí ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbé.

Ó wá hàn pé ohun méjì tó ń bára wọn jà la ń wá lára bébà kan ṣoṣo: ìta tó ní ẹfun, inú tí kò ní.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo padà sí Ṣómólú. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta bébà níbẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọn kò tiẹ̀ dìde. Wọ́n fa páálí oògùn ibà kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n tú u pẹlẹbẹ síwájú mi. "Àbúrò, wo ìta. Ó yá, wo inú." Ìta ń dán, àwọ̀ mọ́ ọn lára. Inú jẹ́ páálí lásán, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ wàrà. Ẹlẹ́fun ojú kan nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe páálí oògùn àti ti ọṣẹ ló ń rà á, kò sẹ́ni tó ń pè é ní bébà káàdì, ìdí nìyẹn tí kò fi wá sí mi lọ́kàn rí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń ya á dànù tí mo bá fẹ́ lo oògùn. Mo ti yá bírò dúdú Ìyá Ìjọ dání. Mo kọ orúkọ ara mi sínú páálí ibà náà, mo ka ení dé ẹ̀wá, mo gbá a. Kò mì.

250 gsm ni mo ní kí wọ́n fún mi. Ọmọṣẹ́ mi bẹ̀rù pé yóò rọ̀ ju 300 ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà yìí ń tan èèyàn jẹ. Ìwúwo ni gsm, kì í ṣe nínípọn: iye gíráàmù tí bébà náà wọ̀n tó bá fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà A4 kan tí wọ́n pè ní 300 kò wọ̀n tó gíráàmù 19. Art card, wọ́n ti fi róólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹfun sì wúwo. Páálí oògùn, okùn inú rẹ̀ ṣì wú, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Mo fi méjèèjì lé ọmọṣẹ́ náà lọ́wọ́, mo ní kó dijú, kó sọ èyí tó le jù. 250 ló mú.

Bébà ti rí, ó ku bí a ó ṣe gé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gùn. Nínú 120 àkọ́kọ́, mo ti ní kí wọ́n fi 10 sílẹ̀ láìfi ọ̀rá bò. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló là lójú ìṣẹ́po. Ìlà funfun kan gba àárín ojú ọ̀run búlúù lọ gbọọrọ, bí ẹni pé àwòrán náà fọ́. Tónà kì í rì sínú bébà bíi yíǹkì, ooru ló ń yọ́ ọ mọ́ ojú rẹ̀. Tí ẹfun bá ta lábẹ́ rẹ̀, tónà á bá a lọ. Lára àwọn tó ní ọ̀rá, ọ̀rá ló ń bá mi bo àṣírí náà.

Bébà ní iṣan. Gréènì ni wọ́n ń pè é ní Ṣómólú. Igi tí wọ́n ti lọ̀ di ògì ni wọ́n ń dà sórí asẹ́ tó ń sáré, omi á jò dànù, okùn tín-ín-rín inú ògì náà á sì tò síbi tí asẹ́ ń lọ, bí igi tí odò ń gbé lọ ṣe máa ń kọjú síbì kan náà. Ẹni tó bá ti la igi ìdáná rí mọ̀ ọ́n: bá iṣan lọ, ó gbà fún ọ, dábùú rẹ̀, ó di ìjà. Tí ojú ìṣẹ́po bá bá iṣan lọ, bébà á ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá dábùú iṣan, okùn wọ̀nyẹn ni à ń ṣẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ojú kò lè rí iṣan. Mo gé ègé kékeré kan lára páálí náà, mo fi kànrìnkàn ra omi sí ojú rẹ̀ tí kò dán, mo gbé e kalẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ká bí ẹní. Bí ẹní náà ṣe dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣan rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní omi lè tẹ bébà náà wò níbùú àti lóròó láìṣẹ́ ẹ. Apá tó bá rọ̀ tẹ̀ ló bá iṣan lọ.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bébà tí máṣíìnì Ṣómólú ń gbà jẹ́ 320 × 450 mílímítà. Káàdì wa, tí a bá ṣí i sílẹ̀, jẹ́ A5, ìyẹn 148 × 210, a ó wá ṣẹ́ ẹ di A6. Mẹ́rin ló ń jáde lára bébà kan, ojú ìṣẹ́po gbogbo wọn sì bá ẹ̀gbẹ́ 320 lọ. Nítorí náà, iṣan gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbẹ́ 320 lọ. Àwọn art card tí mo lò lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, iṣan wọn bá 450 lọ. Abájọ.

Mo wá ra odindi bébà, 700 × 1000, tí iṣan rẹ̀ bá 1000 lọ. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń gé e, mẹ́rin ni yóò jáde. Bí iṣan ṣe fẹ́, mẹ́ta péré ni, tí ègé gígùn kan tó fẹ̀ ní 250 yóò sì ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Káàdì 250 nílò bébà 63, mo fi 7 kún un nítorí àṣìṣe, ó di 70. Odindi 18 ni ìbá tó mi, 24 ni mo rà. Ọkùnrin tó ń gé bébà gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wò mí. "Màdáàmù, ẹ ń fi owó ṣòfò o." Mo ní kó máa gé e lọ. Ègé tó ṣẹ́kù, mo kó gbogbo rẹ̀ wálé, òun ni mo fi ń dán bírò àwọn oníbàárà wò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa ojú ìṣẹ́po sí i kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́ ẹ, kòtò níta, kí ibi tó wú wà nínú. N kò fi ọ̀rá bo ohunkóhun. Mo tún fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n, lórí tábìlì mi, fún ọjọ́ kan àti òru kan kí n tó tú wọn, kí wọ́n lè bá ojú ọjọ́ Àgbádárìgì mọwọ́ ara wọn. Díẹ̀ nínú wọn ká díẹ̀. Ìwé kan tí a gbé lé wọn lórí tó wọn, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àpòòwé kò fa wàhálà: C6, 114 × 162, gba A6 wẹ́kú.

Èrè iṣẹ́ náà wọlé, ó jáde. Ìjọ fi díẹ̀ kún owó mi nígbà tí Ìyá Ìjọ sọ fún wọn pé mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì béèrè. Àwọn kan níbẹ̀ ṣì ráhùn pé inú káàdì kò funfun tó ìta. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni páálí náà ṣe rí. Ìyá Ìjọ dá wọn lóhùn ní èdè Ègùn, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún ráhùn. Ogún káàdì ni wọ́n ń kọ lóòjọ́, níbi àga oníke mi yẹn, nítorí wọ́n ní ilé àwọn kún fún ọmọ. Wọ́n á kọ ọ̀kan tán, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá a, wọ́n á wo àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n á nà án sí mi kí n rí i pé ó mọ́.

Àwọn 110 tó ní ọ̀rá wà lábẹ́ tábìlì mi títí ọdún fi kọjá. Nínú oṣù Kìíní, ìyá ẹlẹ́ja tó wà ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi béèrè ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. Mo kó wọn fún un pẹ̀lú máákà tí Ìyá Ìjọ dá padà. Ó fi okùn so ọ̀kan mọ́ igi àtẹ rẹ̀. Ẹja á ta omi sí i, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, kò sí ohun tó ṣe é. Lórí ojú ọ̀run búlúù, lókè òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 1845, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Òbòkún. Ẹ má ná an."